Ọjọ́ Ìpadà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mú: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìsinmi Ìmòòkùn ní Málítà àti Gozo

Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rà tí wọ́n bá fẹ́ lọ lo ìsinmi nílẹ̀ òkèèrè. Amòòkùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí yóò padà sílé ló máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí èèyàn kì í ti inú omi bọ́ sínú bàálù. Ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 12, ó kéré tán, kó tó fò. Ẹni tó ti ń mòòkùn láti ọjọ́ mélòó kan gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 18. Àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ náà gùn: wákàtí 24 ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì parí rẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ wà nínú atẹ́gùn tí à ń mí. Bí a bá pín in sí ọ̀nà márùn-ún, bíi mẹ́rin nínú rẹ̀ ló jẹ́ náítírójìn, èyí tí ara wa kì í lò. Lórí ilẹ̀, bó ṣe ń wọlé náà ló ń jáde. Nísàlẹ̀ omi, ọ̀rọ̀ yí padà, torí pé omi ń tẹ èèyàn lọ́tùn-ún lósì: ní mítà 10, ohun tó ń tẹni ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀, ní mítà 30, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni náítírójìn ń rọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Ara wá dà bí ìgò mínírà tí wọ́n dé pa. Ẹ rọra ṣí ìdérí rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á rọra jáde. Ẹ ṣí i lójijì, á hó títí yóò fi dà sílẹ̀. Amòòkùn tó sáré gòkè, tàbí tó tètè wọ bàálù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ, ti ṣí ìgò lójijì nìyẹn. Inú oríkèé, inú ẹ̀jẹ̀ àti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni yóò ti hó. Ó lè rọ èèyàn lápá lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, ìsinmi ọlọ́jọ́ 7 kì í ṣe ìmòòkùn ọlọ́jọ́ 7. Ọjọ́ kìíní ti bá ìrìn àjò lọ, ọjọ́ ìkẹyìn sì ti di ọjọ́ gbígbẹ. Ọjọ́ 5 ló kù, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí i pé òkun lè fi ìbínú gba ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá ka ọjọ́ 4 sí tirẹ̀ kò ní í banú jẹ́.

Ọjọ́ gbígbẹ yẹn kì í ṣe ọjọ́ òfò, bí ẹ bá yan erékùṣù tó ní nǹkan lórí ilẹ̀. Ohun kan tó mú kí n fẹ́ràn Málítà, orílẹ̀-èdè erékùṣù inú òkun Mẹditaréníà, nìyẹn. Ní Gozo, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù rẹ̀, tẹ́ńpìlì Ġgantija wà níbẹ̀, òkúta gìrìwò gìrìwò tí àwọn èèyàn tò jọ ní nǹkan bí ọdún 3600 ṣáájú ìbí Kírísítì, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan píramídì ilẹ̀ Íjíbítì. Ní Valletta, olú ìlú, àwòrán ńlá tí Caravaggio yà ní 1608 nípa bí wọ́n ṣe bẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ṣì wà nínú kàtídírà. Ibojì abẹ́ ilẹ̀ kan tún wà ní Paola tí wọ́n ń pè ní Hypogeum, èèyàn 80 péré ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ ibẹ̀ lóòjọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ibi tó ga jù ní Málítà, Ta' Dmejrek, kò ju mítà 253 lọ, kò sí ibi tí ọkọ̀ yóò gbé yín dé lórí ilẹ̀ tó lè pa amòòkùn lára. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Sísílì tó múlé gbè é: òkè Etna níbẹ̀ ju mítà 3,000 lọ, ẹni tó bá sì mòòkùn láàárọ̀ tó lọ gun òkè yẹn lọ́sàn-án kò yàtọ̀ sí ẹni tó wọ bàálù.

Gbogbo orílẹ̀-èdè Málítà kò ju 316 kìlómítà níbùú lóròó lọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá Ìpínlẹ̀ Èkó. Erékùṣù mẹ́ta ló tóbi jù níbẹ̀: Málítà fúnra rẹ̀, Gozo, àti Comino tó kéré bí ẹní tẹ́ sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ títí di 1964, ìdí nìyẹn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ́ èdè ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Málítà, tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ní apá òsì, tí ṣájà tí ẹ rà ní Èkó tàbí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù yóò sì wọ ara ògiri wọn wẹ́kú.

Àwọn tó ń ka Bíbélì ti mọ ibẹ̀ tipẹ́. Òun ni Mẹ́lítà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 àti 28. Èèyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ náà, gbogbo wọn ló sì gúnlẹ̀ láàyè. Ojú mìíràn ni amòòkùn fi ń ka ìtàn yẹn. Afẹ́fẹ́ tó gbá wọn kiri láti ìhà àríwá òun ìlà oòrùn ni àwọn ará Málítà ń pè ní grigal títí di òní, ẹ̀rù rẹ̀ sì ṣì ń ba àwọn apẹja wọn. Lóru, nígbà tí àwọn atukọ̀ fura pé ilẹ̀ sún mọ́, wọ́n sọ okùn sínú omi láti wọn jíjìn rẹ̀: ìgbà àkọ́kọ́, bíi mítà 36, ìgbà kejì, bíi mítà 27. Àárín òǹkà méjèèjì yìí, tàbí ẹ̀bá rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ rírì tí amòòkùn òde òní ń lọ wò ní Málítà wà.

Omi ibẹ̀ mọ́ gaara. Ojú ríran dé mítà 20 tàbí 30 kì í ṣe nǹkan tuntun, nítorí pé kò sí odò kankan tó ń ṣàn yí ọdún po níbẹ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ wọ òkun. Òkúta ẹfun ni gbogbo ilẹ̀ náà, òjò tó bá rọ̀ á rin wọ inú rẹ̀. Omi ti jẹ òkúta yẹn di ihò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà lábẹ́ òkun. Ohun tó tún dára níbẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ibi, èèyàn kò nílò ọkọ̀ ojú omi rárá: etí òkúta lẹ óò ti wọṣọ, ẹ óò rìn wọ omi, ẹ óò sì rìn jáde. Èyí ń dín owó kù, ó sì ń gba aláìsàn òkun lọ́wọ́ èébì.

Ẹ jẹ́ kí n má tàn yín o. Bí ẹ bá ń retí àgbájọ ẹja aláràbarà bí a ti ń rí i nínú fíìmù Òkun Pupa, Mẹditaréníà yóò já yín kulẹ̀. Oúnjẹ ẹja kò pọ̀ nínú rẹ̀, àìpọ̀ oúnjẹ yẹn gan-an sì wà lára ohun tó jẹ́ kó mọ́. Ẹ óò rí kúta tí wọ́n tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ óò rí ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́jọ tó ń pa àwọ̀ dà lórí àpáta, ẹ óò rí ẹja tó gùn bí ejò tó yọ orí nínú ihò, àti pápá koríko òkun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Posidonia. Ṣùgbọ́n òkúta, ìmọ́lẹ̀ àti ọkọ̀ rírì ni Málítà fi ń gbéra ga.

Ara ló kàn. Kí ẹ tó wo owó, ẹ wo ara yín.

Àkọ́kọ́ ni ìlúwẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àbùjá ọ̀nà. Kí PADI, ẹgbẹ́ olùkọ́ ìmòòkùn tó gbilẹ̀ jù lágbàáyé, tó fún èèyàn ní káàdì, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ fún 200 mítà, kò sí ẹni tí yóò ka àkókò fún un, kó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10 láìdi nǹkan kan mú. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí nínú adágún omi òtẹ́ẹ̀lì kò tíì ní nǹkan tó ń wá ní Gozo.

Ìkejì ni jẹ́nótáìpù. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń bi ara wa kí a tó ṣègbéyàwó ni, àwa gan-an ló sì kàn ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ mòòkùn: òtútù, wàhálà àti àìtó atẹ́gùn lè gbé àrùn sickle cell dìde níbi tí kò ti sí dókítà. AS ní tirẹ̀ kì í sábà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Kí ẹni tó ní àsímà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, gìrì tàbí iṣẹ́ abẹ àìpẹ́ náà má ṣe dákẹ́. Aboyún kì í mòòkùn. Ẹni tí ọ̀fìnkìn dì nímú pàápàá yóò jókòó sí etí omi lọ́jọ́ náà, torí etí tí kò bá ṣí lábẹ́ omi lè bẹ́. Ní Málítà, ilé iṣẹ́ ìmòòkùn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù ìlera kí ẹ tó fọwọ́ kan omi. Bí ẹ bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè kan ṣoṣo, wọ́n lè béèrè ìwé dókítà. Ẹ gba ìwé náà nílé, ní ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ yín. Ẹni tó parọ́ sínú fọ́ọ̀mù yẹn, ara rẹ̀ ló parọ́ fún.

Nínú ọ̀sà Èkó, àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń wa yanrìn. Wọn a sọ̀ kalẹ̀ sínú omi dúdú pẹ̀lú garawa, láìsí ìgò atẹ́gùn, láìsí aṣọ rọ́bà, wọn a bu yanrìn nísàlẹ̀, wọn a sì tún yọ. Èémí tí wọ́n dá dúró ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ọgbọ́n fún wọn ni èèwọ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni tó gbé ìgò atẹ́gùn kọ́ ẹ̀yìn. Atẹ́gùn tí ẹ mí sínú ní mítà 10 yóò di ìlọ́po méjì kí ẹ tó dé òkè. Bí ẹ bá pa ẹnu dé, tí ẹ dá èémí dúró, tí ẹ sì ń gòkè, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò ya. Ẹ máa mí lọ, ẹ má dúró, ẹ má sáré. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ kìíní, òun ló sì ń gba ẹ̀mí là ju gbogbo ẹ̀rọ lọ.

Níbo ló yẹ kí èèyàn ti kọ́ ọ? Àwọn kan ń lọ kọ́ gbogbo rẹ̀ tán ní Málítà, ó ń gba ọjọ́ 3 tàbí 4. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 4 yẹn náà ni gbogbo ohun tí ìsinmi ọlọ́jọ́ 7 ní. Èrò tèmi ni pé kí ẹ ka ìwé rẹ̀ nílé, kí ẹ ṣe ti adágún omi nílé, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ olùkọ́ yín láti lọ ṣe ìmòòkùn mẹ́rin tó kù nínú òkun lọ́hùn-ún. Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tó rọrùn jù ni ẹgbẹ́ amòòkùn BSAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953. Ẹ̀ka rẹ̀ wà káàkiri, wọ́n máa ń pàdé lálẹ́ nínú adágún omi àdúgbò, èèyàn á sì rí ẹni tí yóò bá rìnrìn àjò níbẹ̀, nítorí kò sí amòòkùn gidi tó ń dá wọ omi. Ẹni tí kò dá lójú pé yóò fẹ́ràn rẹ̀ lè sanwó fún ìtọ́wò ọjọ́ kan, níbi tí olùkọ́ yóò ti dì í mú, tí wọn kò sì ní í kọjá mítà 12. Ọmọ ọdún 10 pàápàá lè bẹ̀rẹ̀.

Káàdì yín ló ń sọ ibi tí ẹ lè dé. Ti àkọ́kọ́, mítà 18. Ti ìkejì, mítà 30. Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ ibi jíjìn, mítà 40. Ẹ fi òǹkà mẹ́ta yìí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń wo àwòrán ọkọ̀ rírì lórí fóònù, torí àwòrán kì í sọ bí omi ṣe jìn tó.

Ìwé ìrìnnà kò gba àlàyé púpọ̀. Málítà wà nínú àjọ Schengen, nítorí náà ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà, 90 yúrò lowó rẹ̀ fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò, tó jẹ́ òpin. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà bí kò bá ní í ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180. Láti Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́ta ni bàálù ń lò.

Íńṣọ́ráǹsì ni kí ẹ fi gíláàsì kà. Físà Schengen ń béèrè èyí tó tó 30,000 yúrò fún ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ sì ń rò pé ó ti tán síbẹ̀. Kò tán. Púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sanwó fún ìmòòkùn rárá, òmíràn á ní òun kò kọjá mítà kan pàtó. Ẹ wá èyí tó kọ ìmòòkùn sí i ní kedere, irú èyí tí DAN Europe ń tà fún àwọn amòòkùn. Yàrá onírin tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ tẹ ẹni tí náítírójìn hó lára wà ní ilé ìwòsàn Mater Dei ní Málítà àti ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Gozo. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni aláìsàn ń lò nínú yàrá náà, ó sì lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìwé owó rẹ̀ bá yín lójijì.

Nípa àsìkò, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni mo fọwọ́ sí. Oòrùn oṣù Kẹjọ ti mú omi gbóná dé bí ìwọ̀n 26, omi kì í sì í tètè tutù bí afẹ́fẹ́. Ní oṣù Kejì àti Kẹta, omi ti wálẹ̀ sí bíi 15, ara ọmọ ilẹ̀ olóòrùn kò sì ní í gba òtútù yẹn láìsí aṣọ rọ́bà tó nípọn gan-an. Oṣù Karùn-ún àti Kẹfà náà kò burú. Ẹ yẹra fún àárín oṣù Kẹjọ bí ẹ bá lè yẹra: ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà ni ọdún Santa Marija, gbogbo Málítà ló ń rọ́ lọ sí Gozo fún ìsinmi, ilé á wọ́n, ìlà ọkọ̀ á gùn.

Afẹ́fẹ́ ló yẹ kí n ti fi gbogbo ojú ewé yìí sọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní Gozo, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá là ń wò ká tó sọ ibi tí a ó ti mòòkùn. Èyí tó máa ń fẹ́ jù níbẹ̀ ni majjistral, láti àríwá òun ìwọ̀ oòrùn. Bó bá le, Dwejra, etí òkun ìwọ̀ oòrùn, á ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni etí òkun àríwá, Xwejni àti Reqqa Point, níbi tí wọ́n ṣì ti ń fi oòrùn sun omi òkun di iyọ̀. Ẹ má sunkún: lọ́jọ́ náà gan-an, gúúsù á dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ lọ sí Mġarr ix-Xini tàbí Xatt l-Aħmar. Bó bá jẹ́ xlokk ló ń ti gúúsù òun ìlà oòrùn bọ̀, pẹ̀lú ooru aṣálẹ̀ nínú rẹ̀, àríwá ló kàn. Gozo kò ju kìlómítà 14 ní gígùn lọ. Láti etí òkun kan dé èkejì kì í gba ìdajì wákàtí nínú mọ́tò. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ sùn ní Gozo dípò Málítà nìyẹn: erékùṣù kékeré máa ń ní ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó sì súnmọ́. Ohun tó ń ba ìsinmi jẹ́ ni kí èèyàn ti ilé kọ orúkọ ibi márùn-ún sí ọjọ́ márùn-ún bí ẹni kọ tábìlì ẹ̀kọ́ ilé ìwé.

Láti pápákọ̀ òfuurufú Luqa, ẹ óò gba mọ́tò lọ sí Ċirkewwa, ẹ óò wọ ọkọ̀ ojú omi akérò tó ń lò bí ìṣẹ́jú 25 dé Gozo. Ẹnikẹ́ni kò ní í gbowó lọ́wọ́ yín ní àlọ. Àbọ̀ ni wọ́n ń gbà á, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ óò padà.

Dwejra, ní ìwọ̀ oòrùn Gozo, ni orúkọ tí gbogbo amòòkùn mọ̀. Ẹnu ọ̀nà òkúta ńlá kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Azure Window, tó ga tó mítà 28, tí wọ́n lò nínú fíìmù Game of Thrones. Ní àárọ̀ ọjọ́ 8, oṣù Kẹta, ọdún 2017, ìjì wó o lulẹ̀. Àwọn tó ń wo òkun láti òkè sunkún rẹ̀. Àwọn amòòkùn ní tiwọn rí ibi tuntun gbà: àwọn òkúta gìrìwò tó já náà ló wà nísàlẹ̀ báyìí, ojú wọn funfun nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣubú, kí ewé òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù lé wọn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Blue Hole, kànga tí òkun gbẹ́ sínú àpáta, tó fẹ̀ tó bíi mítà 10. Ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni wọ inú kànga, ẹ óò gba abẹ́ òkúta kan kọjá, òkun gbalasa á sì ṣí sílẹ̀ níwájú yín. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Inland Sea, adágún kékeré tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkúta tó gùn tó mítà 80 so mọ́ òkun. Ọkọ̀ kéékèèké tó ń gbé àwọn àlejò ń gba orí yín kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, nítorí náà ẹ rọ̀ mọ́ ògiri, ẹ má ṣe yọrí láàárín.

Nínú àwọn ọkọ̀ rírì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ HMS Maori, torí òun ni ẹni tó ní káàdì àkọ́kọ́ lè dé. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wà lára àwọn tó dojú kọ Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1941. Oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀lé e, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì rì í ní Málítà. Ìdajì rẹ̀ ló kù, yanrìn ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀, mítà 14 péré ló jìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi Valletta. P31, ọkọ̀ ṣọ́jà ojú omi tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì lẹ́bàá Comino ní 2009, náà kò jìn púpọ̀, bíi mítà 20 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èkejì rẹ̀, P29, wà ní Ċirkewwa láti 2007, pẹ̀lú Rozi, ọkọ̀ afàkọ̀ tí wọ́n rì ní 1992. Àwọn méjèèjì sún mọ́ mítà 35, àwọn àgbà ló ni wọ́n.

Ọkọ̀ tó ń mú mi ronú jù ni Um El Faroud. Ọkọ̀ epo ará Líbíà ni, ó gùn tó mítà 110. Oṣù Kejì ọdún 1995 ni iná bẹ́ nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe ní èbúté Málítà, àwọn òṣìṣẹ́ 9 sì kú. Fún ọdún mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí kò ṣeé lò, kí wọ́n tó gbé e lọ rì ní 1998 níwájú Wied iż-Żurrieq. Ìjì tún ti ṣẹ́ ẹ sí méjì láti ìgbà náà. Yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní mítà 36. Inú àwọn yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ inú ọkọ̀ rírì kò ní nǹkan ṣe nínú wọn, bó ti wù kí ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ tó.

Bí ẹ bá rí ìkòkò àtijọ́ tàbí ohun mìíràn nísàlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Láàárín yanrìn Gozo, ní nǹkan bí mítà 110, ọkọ̀ àwọn ará Fòníṣíà kan wà tó ti lo bí ọdún 2,700 lábẹ́ omi. Gbogbo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni òfin Málítà dáàbò bò, ẹni tó kó wọn sínú àpò ti di olè lójú ìjọba wọn.

Ẹ má ra ẹrù púpọ̀. Awò ojú tó bá ojú yín mu nìkan ni mo ní kí ẹ rà, torí ti ẹlòmíràn lè máa jo omi. Lẹbẹ ẹsẹ̀, aṣọ rọ́bà, ìgò atẹ́gùn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mí, ẹ yá wọn níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ tó ń ka jíjìn àti àkókò, bí ẹ bá máa mòòkùn ju ọdún kan lọ, ẹ ra tiyín. Iyọ̀ Mẹditaréníà pọ̀ ju ti òkun wa lọ, omi rẹ̀ á máa gbé yín léfòó, nítorí náà ẹ má kà á sí nǹkan bí wọ́n bá fi òjé kún bẹ́líìtì yín. Lálẹ́, ẹ jẹ ọbẹ̀ ehoro. Òun ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti jẹ òkété rí kò ní í ṣojo níwájú rẹ̀.

Kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìmòòkùn kankan, ẹ bi wọ́n ní nǹkan díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni olùkọ́ kan ń kó wọ omi? Bó bá ju mẹ́rin lọ, ẹ wá ibòmíràn. Ṣé ògidì atẹ́gùn ọ́síjìn wà nínú mọ́tò wọn fún pàjáwìrì, ta ló sì mọ̀ ọ́n lò? Láàárọ̀, kí ló ń pinnu ibi tí ẹ óò lọ, ìwé ètò ni àbí afẹ́fẹ́? Bí wọ́n bá dáhùn pé ibi tí ẹ sanwó fún náà ni wọn óò gbé yín lọ, òkun ìbáà ru kó má ru, ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀.